Ẹyọ ẹ̀wà mẹ́sàn-án: kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí mo ṣe ní Bódìjà kí n tó tún IELTS ṣe

Ẹyọ ẹ̀wà mẹ́sàn-án ni mo kà lórí tábìlì ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Ẹ̀wà olóyin ni, irú èyí tí à ń rà ní kóńgò lọ́jà Bódìjà. Tísà wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èrò mi fún ìṣẹ́jú méjì: ṣé ó yẹ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì máa mú fóònù lọ sílé ìwé? Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí "In my opinion" bá ti jáde lẹ́nu mi, bàbá á mú ẹ̀wà kan nínú ife tíì rẹ̀, á jẹ́ kó bọ́ sórí tábìlì. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi, kò sì wò mí lójú. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀, mi ò mọ ohun tó wà fún. Nígbà tí àkókò pé, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ka ẹ̀wà rẹ." Mẹ́sàn-án. Ó tún bi mí pé, "Èrò tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ńkọ́, mélòó ni?" Mo ronú títí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni: pé fóònù máa ń gba ọkàn ọmọ kúrò lórí ìwé. Èyí náà ni mo ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Torí ẹ̀wà yẹn ni mo ṣe fẹ́ kọ nípa kíláàsì yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra IELTS, ìyẹn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó fẹ́ lọ òkè òkun máa ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí àbùkù wà tí màá sọ, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ilé kékeré kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn, ní Bódìjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, Sátidé nìkan, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago kan ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni mo san.

Nọ́ọ̀sì ni mí, n'Ìbàdàn níbí, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ IELTS lẹ fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ NMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 7 ni wọ́n ń fẹ́ nínú ìwé kíkà, 7 nínú gbígbọ́, 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ, àti 6.5 nínú ìwé kíkọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó ṣe é, mo gba ohun tó tó nínú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ sísọ ló bà mí jẹ́: 6.5. Ààbọ̀ máàkì ló kù. Èmi tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sínú fáìlì aláìsàn lójoojúmọ́! Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe tìtorí owó ìdánwò nìkan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ fún mi pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdánwò náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò tí ì ṣe é. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin àti olùdánwò kan ṣoṣo, wọ́n sì ń gba ohùn yín sílẹ̀. Abala kìíní, wọ́n á bi yín nípa ara yín, ilé yín, iṣẹ́ yín. Abala kejì, wọ́n á fún yín ní káàdì, ìṣẹ́jú kan láti ronú, ẹ ó sì dá sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Abala kẹta, tí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún wà fún, ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le. Wọn kì í béèrè nípa yín mọ́ níbẹ̀. Èrò yín ni wọ́n ń béèrè: kí ló fà á, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú, kí lẹ rò sí ti àwọn tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Abala yìí ni mo ti kọsẹ̀.

Kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀, mo ti ra ìwé kan lórí WhatsApp lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó ara rẹ̀ pé òun ń kọ́ni ní IELTS. Ọgọ́rùn-ún gbólóhùn tí a fi ń sọ èrò lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tò sínú rẹ̀, láti ìkíní dé ìkọgọ́rùn-ún, láìsí àlàyé kankan. Mo há wọn sórí bí ẹni há Sáàmù. Nínú mícrà, ìyẹn takisí wa n'Ìbàdàn, mò ń kà á. Nígbà tí mo bá ń rọ àmàlà, mò ń kà á. "It is my considered view that." "I am inclined to believe that." "From where I stand." Bí wọ́n bá jí mi lóru, mo lè kà á wá sílẹ̀ láìyẹ̀ kan. Ọjọ́ ìdánwò dé, olùdánwò bi mí ní ìbéèrè tó rọrùn, mo fi "It is my considered view that" bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sì tán sí mi lẹ́nu. Mo ti gbé ìkòkò ńlá kaná, n kò ní nǹkan tí màá sè síbẹ̀.

Bàbá tísà wa ló là mí lójú sí ibi tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára wa. Sátidé kejì, ó ní kí gbogbo wa dìde kí á sọ bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ dìbéètì nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Àwa mẹ́rìnlélógún tó wà níbẹ̀, láti orí ọmọ ogún ọdún dé orí ìyá aláṣọ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹnu wa ṣe ọ̀kan: "Good day, Mr Chairman, panel of judges, accurate timekeeper, co-debaters..." A kà á dé ìparí, dé ibi "I hope I have been able to convince you and not to confuse you." Inú gbogbo wa dùn, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Bàbá wá ní kí a jókòó. Ó ní ibẹ̀ ni a ti kọ́ láti máa sọ èrò ní Gẹ̀ẹ́sì: lórí pèpéle, níwájú adájọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí a gbọ́dọ̀ borí. Ó ní kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èrò nígbà tí a bá jókòó ti ara wa, tí kò sí ìjà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òtítọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láti fi tako ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju "I disagree" àti "I beg to differ" lọ. "I beg to differ" yìí, bàbá ní ó wúwo jù, ọ̀rọ̀ lọ́yà ní kóòtù ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ sí ẹni tó kàn ní òun fẹ́ràn ìrẹsì ju iṣu lọ, á rò pé ẹ ti bínú.

Ohun tó mú kí kíláàsì yìí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ nìyí: bàbá kì í jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́. "Sọ ọ́ ní Yorùbá ná," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wá láti ibòmíràn, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tiwọn, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ lọ Kánádà. Ó bínú sí i. Ó ní òun kò sanwó láti wá sọ Yorùbá. Mo fara mọ́ ọn lọ́jọ́ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti yí ọkàn mi padà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni pé: ṣé ó dáa kí á máa kó àwọn àgbàlagbà lọ sí ilé ìtọ́jú, àbí kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ? Bàbá yí sí ìyá aláṣọ, ẹni tó ń tajà ní Gbági, tí ọkọ rẹ̀ wà ní Manchester. Ìyá yìí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Bí wọ́n bá pè é, á ní "I support it" tàbí "I don't support it", á sì jókòó. Bàbá ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní:

"Hùn-ún. Sà, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbè sẹ́yìn ẹnì kan o. Bí ọmọ bá wà nílé, kò dáa, ká sọ tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ bá ti lọ òkè òkun ńkọ́? Ìyá tèmi, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń tọ́jú wọn ní Ìṣẹ́yìn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé wọn ì bá gbádùn ju báyìí lọ níbi tí nọ́ọ̀sì bá wà. Àmọ́ bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní bóyá ni."

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí pátákó, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. "Ò ṣeé gbè sẹ́yìn ẹnì kan": "It depends, really." "Ká sọ tòótọ́": "To be honest." "Bí gbogbo ọmọ bá ti lọ ńkọ́?": "But what if all the children have moved away?" "Ó máa ń ṣe mí bíi pé": "I sometimes feel that." "Bí ẹ bá bi wọ́n": "If you asked her." Nígbà tó dé orí "bóyá ni", ó dúró, ó wò wá. Ẹnì kan ní "maybe". Ó ní rárá o, ẹ gbọ́ bí ìyá ṣe sọ ọ́. "Bóyá ni" kì í ṣe "maybe". Ẹni tó bá ní "bóyá ni" ti ń kọ̀ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "She'd probably doubt it."

Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá ka apá ọ̀tún láti òkè dé ilẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ìgbà kẹta, kò wo pátákó mọ́, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló ni ín, torí òun náà ló ni ín. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, bóyá nítorí ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ni. Ọmọ tó fẹ́ lọ Kánádà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti lóye pé kì í ṣe gbólóhùn ló wọ́n wa. A ní wọn lẹ́nu, a sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé "ó dá mi lójú" àti "ó jọ pé" kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí dókítà bá bi mí nípa aláìsàn, mi ò ní sọ pé "ó dá mi lójú" bí n kò bá tí ì wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, "In my opinion" ni mo fi ń gbé gbogbo wọn, èyí tó dá mi lójú àti èyí tí mò ń méfò. Ohun tí kíláàsì yìí ṣe fún mi ni pé ó jẹ́ kí n wá èyí tó wúwo bákan náà ní Gẹ̀ẹ́sì. "I'm convinced" fún èyí tó dá mi lójú. "I'd say" fún èyí tí mo rò ṣùgbọ́n tí n kò fẹ́ bá ènìyàn jà lé lórí. "It seems to me" fún "ó jọ pé". "I suppose so" fún ìgbà tí ènìyàn gbà láìfi gbogbo ọkàn gbà, irú èyí tí a fi ń sọ pé "kò burú ṣá". "If you ask me" fún "bí ẹ bá bi mí", èyí tó jẹ́ bákan náà délẹ̀délẹ̀, tó sì yà mí lẹ́nu pé n kò rí i tẹ́lẹ̀.

Àwọn ibi kan sì wà tí Yorùbá ti ń tì wá ṣubú, bàbá kò sì fi wọ́n pamọ́. Èyí tó pọ̀ jù lẹ́nu wa ni "my own". "In my own opinion." "My own is that." "To my own understanding." Ó ní "tèmi" ni, láti inú "ní tèmi o" àti "lójú tèmi". Nínú Yorùbá, "tèmi" yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń yà mí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn, "my" nìkan ti tó, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Èkejì ni "According to me". Ẹnu ẹlòmíràn ni a máa ń fi "according to" sí, bí "wọ́n ní" tàbí "gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ". Ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ tara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣòro fún mi jù: "Mo rò pé." Nínú Yorùbá, "mo rò pé o ti lọ" lè jẹ́ èrò tí mo ní nísinsìnyí, ó sì lè jẹ́ èrò tí mo ní tẹ́lẹ̀ tó ti wá já sófo. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. "I thought it was good" lè mú kí olùgbọ́ rò pé mo ti yí èrò padà, "I think it's good" sì dúró síbi tó wà. Mo ti ń lo "I thought" bó ṣe wù mí fún ọdún pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi rí.

Ti ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tako àgbà, màá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀: "Ẹ má bínú o, sà", tàbí "bí mo bá ṣìsọ, ẹ fi orí jì mí". Mo ti ṣe é fún olùdánwò nígbà àkọ́kọ́. Mo ní "Sorry sir, please don't be annoyed", àánú ara mi sì ń ṣe mí nígbà tí mo rántí. Bàbá ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni náà: "I see what you mean, but." "That's true up to a point." "I'm not so sure about that", tó túmọ̀ sí pé ẹ kò gbà, ṣùgbọ́n tí kò fi ọwọ́ gbá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó sì fi kún un, èyí tó fi ọkàn mi balẹ̀ gan-an, pé olùdánwò kò wá gbọ́ èrò tó tọ̀nà. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń fún ní máàkì, bákan náà ni wọ́n sì tóbi: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so mọ́ra, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní lẹ́nu, gírámà, àti bí ẹ ṣe ń pè é. Kò sí máàkì fún ẹni tó gbè sẹ́yìn òtítọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní kí gbogbo àgbàlagbà máa gbé ilé ìtọ́jú. Ẹ ṣáà sọ ìdí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀wà tún ti padà wá. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò jù ú fún "In my opinion" mọ́. Ó ń jù ú fún ìdí. Bí ẹ bá sọ èrò tí ẹ sì fi "because", tàbí àpẹẹrẹ, tàbí ìtàn kékeré láti ibi iṣẹ́ yín tì í, ẹ̀wà kan á bọ́. A wá ń fẹ́ kó bọ́. Mo gba méje ní ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi fẹ́ ṣiṣẹ́ òru mọ́. Àwọn nǹkan tí mo mọ̀ láti wọ́ọ̀dù ni mo sọ, mi ò sì lo gbólóhùn àkọ́sórí kankan.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àbùkù rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò fi ní gbọ́ nǹkan kan bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọ́n sì máa ń mú un lọ. Aago mẹ́wàá tí wọ́n ń sọ, mẹ́wàá ààbọ̀ ni ní gbogbo Sátidé mẹ́jọ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òru á sì ti máa sùn lórí àga. Ènìyàn mẹ́rìnlélógún ti pọ̀ jù fún kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà míràn, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni mo fi la ẹnu ní wákàtí mẹ́ta. Wọ́n tún ta ìwé pélébé kan fún wa lẹ́gbẹ̀rún mẹ́ta náírà, tipátipá, àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti WhatsApp tí mo ti rà tẹ́lẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ kò lò ó rí. Ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń tà á. Inú bí mi sí ìyẹn, kò sì tí ì kúrò lọ́kàn mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò kọ́ wa ní bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìdámẹ́rin máàkì ló wà níbẹ̀. "I think" tí gbogbo wa ń pè bíi "tink", bàbá náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí ènìyàn máa lò jù lọ láti fi sọ èrò nìyẹn! Mo ní láti lọ wá a níbòmíràn.

Ibi tí mo ti rí i ni BBC Learning English, ọ̀fẹ́ ni. Láti 1943 ni BBC ti ń kọ́ àwọn ará òkèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, orí rédíò ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ètò wọn tí mo yàn láàyò ni 6 Minute English. Ènìyàn méjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹnì kan á bi ẹnì kejì ní ìbéèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn á sì dé ní ìparí. Ẹ lè ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí ìkànnì wọn. Mò ń gbọ́ ọ nínú mícrà láti Ìwó Road dé ibi iṣẹ́. Mo fi ìka mi ka iye ìgbà tí wọ́n sọ "In my opinion", agbára káká ni mo fi ń rí ẹyọ kan. "Well" ni mò ń gbọ́, àti "I suppose", àti "I guess". Bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè sílẹ̀ lórí "Well" nìkan, ó jọ bí àwa náà ṣe ń ṣe "Hùn-ún". Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró, mò ń sọ ọ́ tẹ̀lé wọn, mò ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀. Ọkọ mi ní ṣé mò ń bá ẹnì kan jà nínú yàrá ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ètò yìí rọ́pò kíláàsì bí ẹ bá lágbára láti san owó. Ẹ ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní béèrè lọ́wọ́ yín pé èrò mélòó ló wà nínú ohun tí ẹ sọ. Data nìkan ni yóò ná yín, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tí kò ní owó kíláàsì. Ìyá Aláṣọ ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín oníbàárà méjì.

Mo tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a parí. Ní abala kẹta, wọ́n bi mí nípa iṣẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́, ìbéèrè kan sì wá tí n kò ní ìdáhùn sí rárá. Mo dákẹ́. Nínú orí mi, mo gbọ́ ara mi ní Yorùbá: "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." Mo sọ ọ́ jáde: "Let me think about that for a second." Olùdánwò mi orí, ó dúró. Mo ní, "Well, I'd say it depends on the kind of work", mo sì sọ ti ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ ń ta bàtà lórí Instagram, àti ìdí tí n kò fi lè dá a lẹ́bi. Ó tún béèrè pé ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ọ̀dọ́. "I'm not so sure about that," ni mo fèsì, mo sì sọ iye aláìsàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń tọ́jú lóru. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

7.5 ni mo gbà. Ọdún méjì ni èsì náà máa ń wà láàyè, nítorí náà, ìwé NMC ni mò ń dojú kọ báyìí.

Tí ẹ bá máa lọ sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó wo Sátidé kan. Ẹ wò ó bóyá tísà ń béèrè ìdí, tàbí ìwé gbólóhùn ló ń pín. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí yóò kọ́ yín ní bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ti Bódìjà tí mo lọ lẹ bá rí, ẹ tètè dé kí ẹ rí àga iwájú, lápá ọ̀dọ̀ fèrèsé tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ra ìwé pélébé náà. Bí bàbá bá sì ní kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá ná, ẹ sọ ọ́.